Ọjọ́ Kan Tó Bọ́ Mọ́ Ará Ìgbèríko Lọ́wọ́

Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni Ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà dá fún lẹ́tà onípò kìíní. Ní oṣù kẹwàá, ó di ọjọ́ kan sí márùn-ún. Lẹ́tà tó bá pé ọjọ́ márùn-ún lọ́nà, tí à bá pè ní apẹ́lẹ́yìn lóṣù tó ṣáájú, wá di èyí tó dé lásìkò. Bí oníṣòwò bá lu ìdí kóńgò wọnú, ìrẹsì á ṣì kún un dẹ́nu. Ilé ẹni tó rà á ni ebi ti máa sọ̀rọ̀.

N kò ní sọ pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní ìṣòro. Lẹ́tà onípò kìíní tó lé ní bílíọ̀nù 100 ní 2001 kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 44 lọ ní 2024, owó sítáǹbù àti ti ẹrù ló sì fi ń gbọ́ bùkátà. Ìbéèrè tèmi ni pé: ọjọ́ ta ni wọ́n fi ń dín ìnáwó ilé-iṣẹ́ náà kù?

Àyípadà ti 2025 dáhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó jìnnà ju máìlì 50 lọ sí ibùdó ńlá tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà ni ọkọ̀ kì í padà lọ kó lẹ́tà wọn nírọ̀lẹ́ mọ́. Lẹ́tà á sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibùdó ńlá náà sì ni ẹ̀rọ ti sábà ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i lára. Àgbẹ̀ tó fi ìwé owó orí rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí gbèdéke pé lè rí òǹtẹ̀ ọ̀la lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ ni òfin owó orí ń wò. Ìwé ìdìbò náà ńkọ́, ní àwọn ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á wọlé? Lóòótọ́, ẹni tó bá dé orí káńtà lè ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún òun lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó ló mọ̀?

Òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí iṣẹ́ yìí dé ìgbèríko dáadáa, kódà níbi tí owó tó ń wọlé kò ti tó bọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Postal Regulatory Commission, àjọ tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kìlọ̀ ní oṣù kìíní 2025 pé ìgbèríko ni ìpalára ètò yìí máa pọ̀ sí jù. Ìmọ̀ràn lásán ni òfin kà á sí. Ní oṣù kẹrin, ètò náà bẹ̀rẹ̀.