Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Máa Gbà Jáde?

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná lọ ní ọ́fíìsì wa, tí epo jẹnẹrétọ̀ wa náà sì ti tán, àwa mẹ́ta la jókòó sínú yàrá kan pẹ̀lú laptop wa. Oṣù kẹta ọdún ni, ẹ sì mọ bí ooru Ìbàdàn ṣe máa ń rí lásìkò yẹn. A ti ilẹ̀kùn, a ṣí fèrèsé. Atẹ́gùn ń fẹ́ níta o, torí à ń rí orí igi máńgòrò tó ń mì nínú ọgbà aládùúgbò. Àmọ́ nínú yàrá tiwa, bébà tó wà lórí tábìlì ò tilẹ̀ mira. Ọ̀kan nínú wa ní, "Àbí afẹ́fẹ́ yìí ń bá wa jà ni?"

A rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ló fẹ́ tí a fi rí fùrọ̀ adìyẹ. Lọ́jọ́ tiwa yìí, afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ ló jẹ́ ká rí fùrọ̀ ilé. Iṣẹ́ wa ni ká máa wá ìdí tí nǹkan ò fi ṣiṣẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìtàn tí a bá pàdé ni ti àwọn èèyàn tó fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà, kí wọ́n tó kọ́lé rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Agbo ilé àwọn baba ńlá wa kì í ṣe ilé tó kún fún fèrèsé. Yàrá rẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹrù síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé ní ti gidi: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ náà ni àgbàlagbà ti ń rẹjú lọ́sàn-án. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kọjú sí àgbàlá tí kò ní òrùlé. Ògiri amọ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbóná, afẹ́fẹ́ tó bá sì gbóná ń ríbi gba ojú àgbàlá lọ sókè. A ò sọ pé ilé náà ò ní àléébù; òkùnkùn àti èéfín inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ṣàárò. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó mọ ògiri yẹn fi ọ̀nà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, láìkọ ìṣirò kankan sílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó ń padà bọ̀ láti Bràsíl kó ọgbọ́n ilé kíkọ́ mìíràn wọ Èkó: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga onípákó, àti ọ̀nà gbọọrọ kan láàárín ilé, tí yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ilé náà rẹwà. Ṣùgbọ́n bí ìlú ṣe ń kún, tí onílé ń wá yàrá púpọ̀ tó máa fi gba ayálégbé, ọ̀nà gbọọrọ yẹn ni wọ́n mú, wọ́n sọ ọ́ di face-me-I-face-you. Àgbàlá pòórá. Ó wá ku ìdílé kan, yàrá kan, fèrèsé kan, àti ilẹ̀kùn tó dojú kọ ti ẹlòmíì, tí wọ́n á sì tì lálẹ́ nítorí olè àti nítorí àṣírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fèrèsé kan ṣoṣo yẹn sọ́kàn. A ń padà bọ̀ wá bá a.

Lókè òkun, ní 1738, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Daniel Bernoulli tẹ ìwé jáde lórí bí omi ṣe ń ṣàn. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé tí eré ohun tó ń ṣàn bá dínkù, agbára tó fi ń ti nǹkan á pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn. Tó bá kọlu ògiri iwájú ilé, eré rẹ̀ á kú, á wá máa ti ògiri náà. Lẹ́yìn ilé àti lórí òrùlé, ńṣe ló máa ń fà. Ó ń tì níwájú, ó ń fà lẹ́yìn: ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń mú kí afẹ́fẹ́ gba inú ilé kọjá.

Ní 1822, Claude-Louis Navier ní ilẹ̀ Faransé kọ ìṣirò tó kúnjú ju ti Bernoulli lọ. Ní 1845, George Gabriel Stokes tún un gbé kalẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ìṣirò yẹn náà la ṣì ń lò dòní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó le débi pé kò sẹ́ni tó lè fi bébà àti bírò ṣe é dópin fún yàrá kan ṣoṣo tó ní àga àti tábìlì nínú.

Nígbà tí ìṣirò ò ti ṣeé ṣe, wọ́n gbé ilé kékeré kalẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ní Copenhagen, láàárín àwọn ọdún 1890, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Irminger, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ gáàsì, lo ohun tó wà nítòsí rẹ̀: ṣímínì gíga iléeṣẹ́ náà. Ṣímínì ń fa afẹ́fẹ́ sókè, òun náà wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọ̀hún gba inú àpótí gbọọrọ kan kọjá. Ó gbé àwòṣe ilé sínú àpótí náà, ó sì wọn bí atẹ́gùn ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí bó ṣe ń fà á. Ó hàn pé fífà yẹn lágbára gan-an, pàápàá lórí òrùlé. Ẹni tí ìjì bá ti ṣí páànù ilé rẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí: atẹ́gùn kì í sábà tẹ páànù wọlé, ńṣe ló ń fà á tu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní Texas, William Caudill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èéfín kún irú iṣẹ́ yìí, kí ojú lè rí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń tọ̀ nínú àwòṣe ilé. Ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fi hàn rọrùn: bó ti wù kí fèrèsé ìwọlé tóbi tó, tí kò bá sí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde, ẹnu ọ̀nà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa yí padà sí.

Lásìkò kan náà, ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ìbàdàn. Wọ́n dá University College sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948, wọ́n sì gbé yíya àwòrán ilé rẹ̀ fún tọkọtaya òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Maxwell Fry àti Jane Drew. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ò pọ̀. Ilé ò gbọdọ̀ jìn ju yàrá kan lọ, kí atẹ́gùn lè gba iwájú wọlé kó sì gba ẹ̀yìn jáde. Ó yẹ kó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Òrùlé gbọ́dọ̀ yọ síta kó ṣíji bo ògiri. Ògiri alihò á sì dí oòrùn láìdí afẹ́fẹ́. Ẹ lọ wo ilé ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí, ẹ̀ ẹ́ rí ògiri alihò yẹn níbẹ̀. Ní 1956, wọ́n kó ìmọ̀ wọn sínú ìwé kan, *Tropical Architecture in the Humid Zone*. Ẹni tó bá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé rí á dá ọ̀pọ̀ nínú òfin wọ̀nyí mọ̀.

Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń béèrè. Ní 1953, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó wà ní Manchester sì wà lára àwọn tó fa ìpàdé náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka kan fún ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ló wá dé tí a fi gbàgbé? Ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ní 1902, Willis Carrier ṣe irú rẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Kì í ṣe tìtorí èèyàn o, tìtorí bébà ni: ọ̀rinrin ń mú bébà wú, àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ò sì ń bára mu. Nígbà tí ẹ̀rọ náà di ti gbogbo ayé, àwọn tó ń ya ilé ò béèrè ibi tí atẹ́gùn ń gbà mọ́. Wo fèrèsé wa nìkan. Lúfà àtijọ́, tó bá ti ṣí, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ṣí. Gíláàsì alátìsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbòde báyìí, ìdajì ló ń ṣí. À ń kọ́ ilé tó gbọ́kàn lé iná mọ̀nàmọ́ná sínú ìlú tí iná kì í dúró.

Kọ̀ǹpútà náà sì ti dé lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1974, Peter Nielsen ní Dẹ́nmárkì kọ iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú yàrá. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí a gé yàrá sí àpótí kéékèèké, kí kọ̀ǹpútà sì máa ṣírò ohun tí àpótí kan ń fún èkejì. Láti 2004, OpenFOAM tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó ní laptop.

Àwa náà dán an wò, àmọ́ ìṣirò kúkurú la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 3. Kí atẹ́gùn máa rin mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ojú fèrèsé tó ṣí jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó. Tí fèrèsé mìíràn tó tóbi tó o bá wà ní ògiri òdìkejì, gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá lè pààrọ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Tó bá jẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo yẹn ló wà ńkọ́? Tí a bá fi ti atẹ́gùn nìkan ṣe é, ó lè tó ìṣẹ́jú 24. Yàrá kan náà, atẹ́gùn kan náà. Ìyàtọ̀ wọn ni ọ̀nà àbájáde.

Lẹ́yìn náà la kọ kóòdù fún ọ́fíìsì wa. Kọ̀ǹpútà ní afẹ́fẹ́ á máa pààrọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. A wo bébà orí tábìlì, kò mira. Ibo la ti ṣìnà? Àkọ́kọ́, iye tí wọ́n wọn ní pápákọ̀ òfúrufú la lò fún atẹ́gùn. Níbẹ̀, mítà 10 sókè ni wọ́n ti ń wọn ọ́n, lórí ilẹ̀ gbayawu. Fẹ́ǹsì gíga àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ló wà láàárín àwa àti atẹ́gùn. Èkejì ló dùn wá jù. Nínú kóòdù, a kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Irọ́ ni. Títì la máa ń tì í, torí jẹnẹrétọ̀ àwọn tí a jọ ń gbé ilé náà wà lọ́nà ẹ̀yìn, èéfín rẹ̀ sì lè pààyàn. Ẹ̀rọ tí a rà nítorí pé ooru ń mú wa ló ti ọ̀nà tí ooru ì bá gbà jáde.

A lọ bá onílé, a ní ká la ihò kan sí ògiri kejì, a ó sanwó bíríkìlà fúnra wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fọ́ ògiri mi o." A ò bá a jà. Ògiri ti dúró, simẹ́ńtì ti gbẹ. Kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù ni ìmọ̀ Bernoulli, ti Irminger àti ti kọ̀ǹpútà máa ń wúlò jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ra ìdajì púlọ́ọ̀tì lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n mú àwòrán ilé náà wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la pagbo yí i ká. Nínú yàrá ìyá rẹ̀, fèrèsé méjì ló wà, ara ògiri kan náà ni wọ́n wà, wọ́n tò síra wọn bí ìbejì. A ní kí ayàwòrán-ilé mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀, kó gbé e sí ògiri tó dojú kọ èkejì. Ó wò wá, ó mú pẹ́ńsù rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.