Àwọn Tí Wọ́n Fi Eré Ṣe Iṣẹ́

Yorùbá ya iṣẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n sì ya eré sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ojoojúmọ́ ṣeré, ọ̀lẹ ni àwọn àgbà yóò pè é. Bí òbí bá sì fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ wí, yóò ní kí ó fi eré sílẹ̀ kí ó lọ dojú kọ iṣẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé ènìyàn lè ti ara eré jẹun. Àwọn ọmọ Àyàn ń fi ìlù jẹun. Àwọn ọmọ Ọ̀jẹ̀ tí ń ṣe eré alárìnjó ń ti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gba owó àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá. Ohun tí ó mú kí a gbà fún wọn ni pé inú ìdílé ni wọ́n ti bá a: iṣẹ́ àjogúnbá ni, ó ní oríkì, ó ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ, ó sì ní àgbà tí ń gba ọmọdé sọ́dọ̀.

Agbábọ́ọ̀lù kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Láti ọdún 1945 tí ìdíje Ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, títí di ọdún 1990 tí a dá líìgì àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn sílẹ̀, agbábọ́ọ̀lù jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀, tí a kò sì rí orúkọ fún iṣẹ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé inú àìlórúkọ yìí gan-an ni púpọ̀ nínú ohun tí ojú wọn rí ti wá.

Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife náà láyé ìgbà yẹn. Marine ti Èkó ni ó gbà á ní 1945. Rélùwéè gbà á léraléra lẹ́yìn náà. Pan Bank gbà á, àwọn ọlọ́pàá gbà á, iléeṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná tí à ń pè ní ECN náà sì gbà á. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí tí a dá sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mọ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́, kí ó lè máa gbá a fún wọn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ìwé iṣẹ́ rẹ̀ yóò pè é, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, owó oṣù akọ̀wé tàbí ti oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò sì máa gbà. Ìyìn tí ó ń gbà ní pápá ní ọjọ́ Sátidé kò wọnú ìwé owó oṣù.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1869 ni àwọn ará Cincinnati ti kó ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù jọ tí wọ́n ń san owó fún gbogbo wọn ní gbangba. Síbẹ̀, títí di 1975, ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ gba òṣèré ni ó ni ín. Kò lè dá ara rẹ̀ gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ wọn sì ni ó ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe nígbà òtútù kí ilé má baà dàrú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, títí di 1961, òfin kò gbà kí owó agbábọ́ọ̀lù kọjá ogún pọ́ùn lọ́sẹ̀, ì báà jẹ́ pé gbogbo ayé ni ó ń wá wò ó.

Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Teslim Balógun bọ́ sí. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1927 ni a bí i ní Èkó. Thunder, èyíinì ni àrá, ni wọ́n ń pè é, nítorí bí bọ́ọ̀lù ti ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò lóǹkà: pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa fa àwọ̀n ya, pé aṣọ́lé mìíràn a máa yà fún un lọ́nà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ nípa àwọn ọdẹ àti àwọn jagunjagun, n kò sì rí ìdí tí a ó fi jókòó tì í láti mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ènìyàn ti fi í sí àárín àwọn akọni. Ipò yẹn kò ní owó oṣù, kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì.

Ní oṣù Kẹjọ 1949, ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún tí ó bá ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Apapa dé Liverpool. Etim Henshaw ni olórí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gbowó, púpọ̀ nínú wọn kò sì wọ bàtà. Wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby ní 5 sí 2 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n ti borí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, a sì ti na wọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn èyí, oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Balógun kò jẹ́ kí ó mọ síbẹ̀. Ní 1955 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ bá Peterborough United, ní 1956 ó sì bọ́ sí Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n wà ní ìpele kẹta nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ni ó gbá fún wọn nínú líìgì, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá ń ka iye góòlù lè fojú di èyí. Ṣùgbọ́n ṣáájú rẹ̀, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó gbá bọ́ọ̀lù rí nínú Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ọjọ́ ti ń lọ fún agbábọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ àjèjì ni ó ti wá rí ibi tí a ti ń pe bọ́ọ̀lù ní iṣẹ́. Nígbà tí ó padà wálé, ó di olùkọ́ni, ó sì ń fi ohun tí ó mọ̀ kọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó kú ní 30 oṣù Keje 1972, ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré tí ó wà nítòsí pápá ìṣeré àpapọ̀ ní Sùúrùlérè.

Ní Ìwó níhìn-ín, ìran tí ó tẹ̀lé ti Balógun ni a mọ̀ jù. Títí di 1991, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìlú wa wà, nítorí náà ẹgbẹ́ tiwa ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí iléeṣẹ́ ìdókòwò ìjọba tí ń jẹ́ IICC ń bọ́. Ìwó kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá rí owó ọkọ̀ lè lọ sí pápá ìṣeré Liberty, tí a wá sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn yòókù a sì jókòó ti rédíò. Ní 1976 ẹgbẹ́ yìí gba líìgì Nàìjíríà, ó sì tún gba ife Áfíríkà ti àwọn tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n borí, ẹgbẹ́ tí ó ni ife náà lọ́wọ́, tí Roger Milla sì ń gbá fún. Àpapọ̀ ìdíje méjèèjì jẹ́ 4 sí 2. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tí ó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn.

Mudashiru Lawal wà nínú wọn. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní 1954, mẹkáníìkì ni kí bọ́ọ̀lù tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Láti 1976 sí 1984, ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún ni ó bá orílẹ̀-èdè yìí lọ, kò sì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ní 22 oṣù Kẹta 1980, ní Èkó, nígbà tí a gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́, góòlù méjì ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá wọlé Algeria. Lawal ni ó gbá ẹ̀kẹta. Àárín pápá ni ibùjókòó rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù tí ìyìn sì kéré sí.

Ọdẹ́gbàmí ní ohun mìíràn lọ́wọ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, Ernest Okonkwo tí ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò sì sọ ọ́ ní Mathematical. Nígbà tí ó fi pápá sílẹ̀ ní 1984, ó ní ìwé ẹ̀rí, ó sì ní kálámù tí ó fi ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Onílù tí ọwọ́ rẹ̀ bá rọ, a jókòó láàárín àwọn ọmọ tí ó kọ́, wọn a sì máa fi ìpín tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ta ni ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù yóò jókòó tì?

Rashidi Yékínì, tí ó wá sí Shooting Stars ní 1982, ni ó kọ́kọ́ rí owó gidi nínú àwọn tí ó ti ibẹ̀ kọjá. Ó lọ sí Abíọ́lá Babes, ó gba Abidjan kọjá dé Setúbal ní ilẹ̀ Pọtogí. Ní 1993 a yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà, òun sì ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé, ní Dallas, ní 21 oṣù Kẹfà 1994. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí Ìbàdàn, ẹni tí ó dá gbé ni ó jẹ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó kú ní 4 oṣù Karùn-ún 2012, a sì sin ín sí Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Lawal kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni ó kú sí lójijì ní 6 oṣù Keje 1991, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, nígbà tí líìgì tí ó sọ bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ òòjọ́ kò tíì ju ọdún kejì lọ. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ní 27 oṣù Kẹjọ, ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Ìwó sì bọ́ sínú rẹ̀. Ní 1992 Shooting Stars gba ife CAF tí a kọ́kọ́ gbá. A ti di ará ìpínlẹ̀ mìíràn nígbà náà, àwọn tí ó gba ife náà sì ń gba owó oṣù agbábọ́ọ̀lù.