Eégbọn àti Ibà Tí Ń Padà Wá

Ní ọdún 1903, Dutton àti Todd, oníṣègùn méjì, gbéra láti Liverpool lọ sí ilẹ̀ Kóńgò. Ibà kan wà níbẹ̀ tí í mú ènìyàn fún ọjọ́ díẹ̀, tí í lọ, tí í sì tún padà wá. Nwọ́n rí i pé eégbọn ni ó ń gbé e kiri: èyí tí í sá pamọ́ sínú ògiri àti ilẹ̀ tí ó là, tí í jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó sùn. Nwọ́n jẹ́ kí ó bu ọ̀bọ jẹ, ibà sì mú ọ̀bọ náà. Àwọn pàápàá kò bọ́. Ibà náà mú àwọn méjèèjì, Dutton sì kú ní Kóńgò ní oṣù kejì ọdún 1905.

Àwọn àgbà wí fún wa pé, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti eégbọn yìí. Níbi tí ó bá wà, kí a rẹ́ ògiri, kí a má sì ṣe sùn sílẹ̀. Bí ibà bá lọ tí ó tún padà, kí a sọ ibi tí a sùn sí fún oníṣègùn. Oògùn rẹ̀ wà lónìí; kò sí fún Dutton.