Òfin Àlejò Ọdún 1963 ní Gáná àti ní Nàìjíríà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti lé àwọn Yorùbá kúrò ní Gáná ní ọdún 1969, orúkọ Ọ̀mọ̀wé Busia ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Gáná máa ń dárúkọ Ààrẹ Shehu Shagari bí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ ọdún 1983. N kò wá gbèjà ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni òfin tí olúkúlùkù wọn dì mú, nítorí pé ní ọdún kan náà, 1963, ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe é, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó sùn.

Kí òmìnira tó dé, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń ṣe àkóso ìhín àti ọ̀hún. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ìnísà ti dé Tamale àti Kumasi tipẹ́, wọ́n ń ta aṣọ, àwo tánganran àti ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń bu ọjà ní ìwọ̀nba fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ Twi bí ó ti gbọ́ Yorùbá. Ta ni ìbá bi irú wọn léèrè ìwé?

Òfin 1963 sọ pé kí àlejò gba ìwé àṣẹ ìgbélùú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi í dààmú àwọn ará ọjà. Lẹ́yìn náà ni owó kòkó wálẹ̀, gbèsè wọ Gáná lọ́rùn, iṣẹ́ sì wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé kí àlejò tí kò ní ìwé náà gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ìkéde náà kò dárúkọ ẹ̀yà kankan; kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ ní láti kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà, ẹni tí ó sì ti gbé Kumasi fún ọgbọ̀n ọdún kò ní irú rẹ̀ rí. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn dó sí iwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Accra. Ogun abẹ́lé sì ń jà nílé nígbà náà. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe oko kòkó pàápàá sá lọ, títí ìjọba fi rí i pé kòkó yóò jẹrà lóko, tí ó sì dẹ ọwọ́ lára wọn. Ọjà wíwò kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀: ní 1970, òfin mìíràn gba òwò kéékèèké lọ́wọ́ àlejò, bí ó tilẹ̀ ní ìwé.

Tiwa ńkọ́? Òfin ìwọ̀lú Nàìjíríà ti 1963 náà sọ pé a kò gbọdọ̀ gba àlejò sí iṣẹ́ láìgba àṣẹ ìjọba. Nígbà tí owó epo ń wọlé, àwọn agbanisíṣẹ́ kò ka èyí sí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa ni ó tọwọ́ àwọn olùkọ́ láti Gáná jẹun, pàápàá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1979. Owó epo wá já. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, pàṣẹ kí àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ó fún àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Gáná ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn há sí Bẹ̀nẹ̀ kí ó tó ṣí i. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní, a sì ń fi í ra ọjà láìronú. Agbanisíṣẹ́ tí kò gba àṣẹ rú òfin kan náà. Òṣìṣẹ́ ni ó ru ẹrù dé ẹnubodè.

Àwọn kan a máa bi mí pé, àdéhùn ECOWAS ti 1979 ńkọ́? Àdéhùn náà jẹ́ kí ènìyàn wọ̀lú láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú kí ó sì ṣiṣẹ́ wà ní ìpele tí ó kàn, èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ sí. Ní 1986 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ó sì ṣì ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé àṣẹ ìgbélùú.