Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Ọdún 1955 àti Àwọn Ọmọ tí Ń Kiri ní Mápó

Ní àràárọ̀ tí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn Mápó lọ sí ilé-ìwé, mo máa ń rí ọmọbìnrin kan tó gbé píọ́ wọ́tà lérí. Bí agogo ilé-ìwé wa bá ti lù, èmi a sáré wọlé, òun a sì máa kiri lọ sí ọ̀nà Ọjà'ba.

Ìyá àgbà mi ní bí àwọn náà ṣe kiri nìyẹn nígbà èwe wọn. Bàbá wọn ti kú, èkuru ni ìyá wọn ń tà. Kò sí owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ní kí Ìyá àgbà gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òsì. Ọwọ́ kan etí, wọ́n bá wọlé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tó 500,000 ní ọdún 1954 lé ní 800,000 ní ọdún 1955.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ló ṣe é. Láti ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò náà síwájú ilé aṣòfin. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé, wọ́n kọ́ olùkọ́, wọ́n sì bu owó-orí ṣílè 10 ààbọ̀ láti fi gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Ní Ìbàdàn níbí, Adégòkè Adélabù, Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tó di alága ìgbìmọ̀ ìlú ní Mápó ní ọdún 1954, ta ko owó-orí, tèrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí owó ńlá ni ṣílè 10 ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún náà. Síbẹ̀, wọn kò dá ètò náà dúró.

Lónìí, òfin kọ́ ló wọ́n wa. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni títí dé JSS 3, òbí tí kò bá sì rán ọmọ lọ, ẹjọ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ta la ó mú? Ṣé opó tí ń fi owó omi ra gààrí?

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Bí Ìyá àgbà ṣe dé ilé-ìwé, kì í ṣe pé ẹnì kan ti ìyá wọn mọ́lé. Ìjọba ló gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa nìyẹn: kí owó aṣọ, ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ aláìní wà nínú ìṣúná ọdọọdún, kí òfin sì dè é mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ná an síbòmíràn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri láti agboolé dé agboolé sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ gba orí kan etí. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá etí dáadáa. Ó ti tó wọ ilé-ìwé tipẹ́.