Àgò Onílé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà ilé wọn kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, bẹ́ẹ̀ fóònù ọmọ wọn, tó wà lórí Wáífáì kan náà, ń ṣiṣẹ́ geerege. Mo ní kí wọ́n tẹ ipconfig sójú fèrèsé dúdú tí a fi ń pàṣẹ fún Windows, kí wọ́n ka IP address tí wọ́n bá rí níbẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Àdírẹ́sì wo tún ni? Ṣé o ò mọ ilé mi mọ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà yìí ní àdírẹ́sì, ilé ló fi wé; èmi ni mo gbé orúkọ náà wá láìgbé ilé tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní ojúlé. Ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà ní kíláàsì Yorùbá mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè: ojúlé kẹrìnlá, òpópónà báyìí, ìlú báyìí. Nọ́ńbà ló ń bá ojúlé rìn, nọ́ńbà náà sì ni IP: mẹ́rin, tí a fi àmì ìdánudúró pín, tí ìkọ̀ọ̀kan kò lè ju 255 lọ.

A ti ní ọ̀rọ̀ ńlá méjì tẹ́lẹ̀, ayárabíàṣá àti ayélujára. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n oríkì ni wọ́n. Oríkì a máa gbé nǹkan ga. Kì í sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ṣàtúnṣe ní láti sọ fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ ibi tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ojúlé tí ẹ̀gbọ́n mi kà sí mi létí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ti fóònù ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Nínú ilé, ráútà ló ń pín ojúlé. Kì í fúnni pátápátá: àyálò ni, ó ní gbèdéke, kọ̀ǹpútà á sì máa tọrọ àfikún àkókò kí ó tó tán, bí ayálégbé ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ onílé. Bí ó bá tọrọ títí tí kò gbọ́ èsì, á yan nọ́ńbà kan fúnra rẹ̀, 169.254 ni irú rẹ̀ sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo pe èyí ní ojúlé àdáyàn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ "àdáyàn," wọ́n ní, "Á jẹ́ pé òun àti onílé ò tíì ríra nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Níwọ̀n ìgbà tí fóònù sì ti rí tirẹ̀ gbà, ráútà ò ṣẹ̀. Àárín òun àti kọ̀ǹpútà ni ọ̀nà ti dí. A pa Wáífáì kọ̀ǹpútà náà, a tún un tàn, a tẹ ipconfig /renew, 192.168.1.7 sì jáde.

Mo lo ráútà bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́jà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa náà ń lo mófíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èdè ò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ráútà tí Windows ń pè ní gateway ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa kí iná mànàmáná tó dé: oníbodè. Òun ló ń jókòó sí ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́, tó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń wọlé tàbí tó ń jáde. Ẹnìkan lè ní orúkọ náà le, pé owó bodè ló ń rán òun létí. Mo ṣì dúró tì í, nítorí 192.168.1.7 kò ní ìtumọ̀ lẹ́yìn odi. Àìmọye ilé ló ní tirẹ̀, bí òpópónà púpọ̀ ṣe ní ojúlé keje. Oníbodè ló ń fi ojúlé ìta rọ́pò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ping. Mike Muuss, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí àwọn ológun, ló kọ ọ́ ní December 1983. Ìró tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ojú omi ń rán sínú ibú, tó ń kọlu nǹkan tó sì ń padà, ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa ń kágò ní tiwa. "Àgò onílé o!" Bí ènìyàn bá wà nílé, á ní, "Àgò yà!" Ping kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó rán ọ̀rọ̀ kúkurú, ó dúró gbọ́ èsì, ó sì wọn bí èsì náà ṣe pẹ́ tó. Torí náà ni mo ṣe ní, "Ẹ kágò fún oníbodè." Wọ́n tẹ ping 192.168.1.1. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Windows ń kágò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbèsì. A kágò fún 8.8.8.8 ti Google lóde, òun náà jẹ́ wa. Bí oníbodè bá dáhùn tí òde ò dáhùn, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fúnni ni kí a pè. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ti ṣètò pé wọn kò ní í jẹ́ àgò, bí onílé tó ń bẹ̀rù olè, nítorí náà ìdákẹ́ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ó ku DNS, tó ń gba orúkọ tí a tẹ̀, tó sì ń fi ojúlé rẹ̀ hàn wá. Amojúlé ni mo pè é. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Wọ́n ní ìwé ojúlé ló yẹ kó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ènìyàn kan ló jókòó síbẹ̀. Ìwé kì í dáhùn, èyí máa ń dáhùn. A ò tíì parí ẹ̀.