Àṣẹ Tí Alága Kò Gbà

Aago 8:15 àárọ̀. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ni. Sáfà wọn wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé, ètò dátábéèsì MySQL 8 ló wà lórí rẹ̀. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá, èyí tí wọ́n yá, orúkọ onídùúró, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń wọlé, títí kan ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́: root. Orúkọ ẹgbẹ́ àti 123 ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìlà àṣẹ kan péré, root lè pa gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Aago 9:00. Mo fi mysqldump ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ná, mo dà á sórí díìsìkì ọ̀tọ̀. Iná lọ, inverter gbé e.

Aago 9:50. mysql_secure_installation. Ó bi mí bóyá kí ó yọ àkáǹtì tí kò lórúkọ, kí ó má jẹ́ kí root wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó pa dátábéèsì "test" rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Aago 10:30. Iṣẹ́ gan-an dé, kì í sì í ṣe orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń kọ owó àjọ sílẹ̀?"

"Àwọn ọmọ méjì iwájú yẹn ni," akọ̀wé dáhùn.

"Ṣé wọ́n máa ń pa nǹkan rẹ́?"

"Ká má rí i! Bí wọ́n bá ṣi owó kọ, akápò ló ń tún un ṣe."

Ìdáhùn yẹn tó mi. Àwọn ọmọ iwájú á gba SELECT (láti wò ó) àti INSERT (láti kọ tuntun), akápò á gba UPDATE (láti tún un ṣe) kún un. Kò sí ẹni tó nílò DELETE, àṣẹ ìparẹ́.

Aago 11:20. CREATE USER. Lójú MySQL, orúkọ nìkan kò tó. Bí àgbà ṣe ń bi àlejò pé ilé wo ló ti wá ni òun náà ń ṣe. 'bisi'@'localhost' àti 'bisi'@'192.168.1.%' kì í ṣe ẹnì kan náà, oníkálukú ló ní páásíwọ́ọ̀dù àti àṣẹ tirẹ̀. Àkáǹtì tuntun kò sì lágbára kankan: ó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò ní rí owó ẹnikẹ́ni títí GRANT, àṣẹ tó ń fúnni lágbára, yóò fi dé.

Aago 12:40. Kọ̀ǹpútà kan kọ̀ jálẹ̀. Ètò àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò mọ caching_sha2_password, ọ̀nà ìwọlé tí MySQL 8 ń lò. Àwọn kan á ní kí a padà sí ọ̀nà àtijọ́. Mo fi ètò tuntun síbẹ̀, ó wọlé.

Aago 2:00 ọ̀sán. Alága dé.

"Ẹnjiníà, èmi ni alága. Tèmi gbọ́dọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ."

"Sà, ẹ máa rí gbogbo nǹkan. Ẹ ò kàn ní lè yí i padà ni."

"Kí ló dé?"

"Bí owó kan bá pòórá lórí ìwé, ẹni tó lágbára láti yí i padà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rán an létí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023: bí ìsọfúnni àwọn ènìyàn bá jò débi tó lè ṣe wọ́n ní ìjàǹbá, láàárín wákàtí 72 tí ẹgbẹ́ bá ti mọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń bójú tó òfin náà létí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kọ SELECT fún mi."

Aago 3:30. Kálukú tẹ páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n, sáfà náà kò tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé, òmíràn ni a ó fún un. Mo tún ṣètò rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ilẹ̀kùn á tì fún odidi ọjọ́ kan.

Aago 4:50. Páásíwọ́ọ̀dù tuntun ti root wọ inú àpòòwé, ó di inú sééfù. SHOW GRANTS fi hàn pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó ní DELETE.

Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ yín ṣì ń pín root lò, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀: ó ṣì mọ páásíwọ́ọ̀dù yín.